Ìyá Tíṣà Kì Í Ṣọ́ Àmì Lò

Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ mí má baà rò pé mo ti di akíkanjú lẹ́yìn ìsìnkú. Ìyá àgbà mi, tí gbogbo abúlé ń pè ní Ìyá Tíṣà, ti lọ. A sin ín sẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ọgbà ata rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì: ọdún tí wọ́n bí i, ilé ìwé tó ti ṣe tíṣà l'Abẹ́òkúta kó tó fẹ̀yìn tì, iye ọmọ, iye ọmọ-ọmọ. Gbogbo rẹ̀ pé. Síbẹ̀, bí mo ṣe jókòó tí mò ń gbọ́ ọ, mi ò rí ìyá àgbà mi níbẹ̀. Ìyá tí èmi mọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ohun kan sì wà láàárín àwa méjèèjì tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n kà.

Kànga ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Abúlé wa wà lẹ́yìn Owódé, lórí ilẹ̀ tí ènìyàn kò ní gbẹ́ jìnnà kí ọkọ́ tó kan àpáta. Lásìkò òjò, kò sẹ́ni tó ń rántí pé a níṣòro. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kànga á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó wà ní àgbàlá Ìyá Tíṣà. Láràárọ̀, kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ìyá á ṣa òkúta kékeré kan nílẹ̀, á jù ú sínú kànga, á sì dẹtí. Èmi á dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí òkúta bá tètè kan omi, ojú rẹ̀ á tú ká. Bí ó bá pẹ́ kó tó dún, á kàn nu ọwọ́ mọ́ ìró, á wọlé, gbogbo wa á sì mọ̀ pé lọ́jọ́ náà kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ béèrè omi ìwẹ̀. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló ń gbọ́ gan-an. Ó ní, "Mò ń bi í bóyá ó ṣì wà níbẹ̀ ni."

Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ǹṣì tàbí pátákó. Orí ìlà omi ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kànga náà kì í sun omi kíákíá. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ti fà, àwọn tó kù á jókòó ti kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n á máa retí kí omi tún sun. Wákàtí méjì lè kọjá. Kí ni wọ́n sì ń fi wákàtí méjì náà ṣe? Ìjà ni.

"Èmi ni mo ṣáájú ẹ."

"Irọ́ lo pa. Kẹ́ẹ̀gì ẹ ló ṣáájú, ìwọ kọ́."

Ìyá Tíṣà jókòó sí fàráńdà, ó ń wò wọ́n, ó sì rí ohun tí àwa yòókù kò rí, pé kì í ṣe omi nìkan ló ń ṣòfò ní abúlé wa. Lọ́jọ́ kan ó mú ẹfun, ó kọ orúkọ oníkálukú sára kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì náà pọ̀, ó wá ní kí kálukú wá mú tirẹ̀ nípa orúkọ. Ariwo ta. Ìyá Ràmọ́tù, tó ń ta gààrí l'Owódé, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju ti gbogbo wọn lọ, pariwo pé, "Ìyá Tíṣà, ṣé òùngbẹ lẹ fẹ́ fi pa wá ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tó bá mọ̀wé kà, òùngbẹ ò ní pa á létí omi." Mi ò lè rántí gbólóhùn yẹn báyìí kí ara mi má bù máṣọ.

Kò sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Omi àárọ̀, ìyẹn omi tí a bá kọ́kọ́ fà ní ìdájí kí garawa tó rú ìsàlẹ̀ kànga, mímu nìkan ló wà fún, nítorí òun ló mọ́ jù. Omi ọ̀sán la fi ń ṣan ìrẹsì, èyí tí a fi ṣan ìrẹsì la fi ń fọ abọ́, omi abọ́ la fi ń pa eruku ilẹ̀ kíláàsì, èyí tó bá ṣẹ́kù, ata ló ni ín. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin ní aró rírẹ pẹ̀lú, nítorí aláró ni ìyá tirẹ̀ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Aró tó bá ti lò tán, tí kò mú aṣọ mọ́, kì í dà á nù. Inú ìgò ló ń rọ ọ́ sí, á di yíǹkì. Igi ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ̀wé, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ àti bébà sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í tilẹ̀ fọwọ́ kan yíǹkì. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Wọ́n á ti ìka bọ abọ́ omi kékeré kan, wọ́n á fi kọ lẹ́tà sórí àpáta náà. Lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀, lẹ́tà á ti gbẹ kí ọwọ́ tó kúrò níbẹ̀. Obìnrin kan sunkún nígbà kan pé orúkọ òun kò dúró kí òun wò ó dáadáa rí. Ìyá ní, "Oòrùn ni dọ́sítà wa, ẹnì kankan ò rà á. Tún un kọ."

Nígbà tí ìwé kò tó, ó ní kí ilé di ìwé. Gbogbo ohun tó wà ní àgbàlá ló ní orúkọ lára: ILẸ̀KÙN, ODÓ, ÀGA, FÈRÈSÉ. Kódà ó so páálí mọ́ ewúrẹ́ wa lọ́rùn, ó kọ EWÚRẸ́ sí i, títí ewúrẹ́ fi rọra jẹ orúkọ ara rẹ̀ tán. Obìnrin tó wá gúnyán á ka odó kó tó gbé e. Èyí tó wá pọnmi á ka garawa. Kò ná kọ́bọ̀ kankan lé e lórí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í fi ahun ṣe. Àmì ohùn ni. Bí ó bá kọ ọ̀rọ̀ tán, á tún ọwọ́ gbé, á fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, dò, re, mí, bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Bí àmì kan bá dín, á ní kí o pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́, bàbá kan tó ń gun ọ̀pẹ, fi ìwé ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ l'Ékòó pé igbà tí òun fi ń gun ọ̀pẹ ti já, kó bá òun ra òmíràn bọ̀. Ó kọ igbà láìfi àmì sí i. Ọmọ gbé igbá aláràbarà mẹ́fà wálé, ó gbé wọn kalẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Tíṣà nìkan ni kò rín. Ó ní, "Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, bí okùn bá já nígbà tó wà lókè ọ̀pẹ ńkọ́? Ẹ ṣọ́ omi lò, ẹ ṣọ́ ṣọ́ọ̀kì lò, ẹnu pàápàá, ẹ ṣọ́ ọ lò. Ẹ má ṣọ́ àmì lò."

Ó lè bínú o. Ọ̀gá kan wá láti ìlú lọ́jọ́ kan, wọ́n já tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kalẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ wa. Iná kò sí lábúlé. Ìyá yí tẹlifíṣọ̀n náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó kí ọ̀gá náà kú iṣẹ́, ó ní, "Ẹ bá wa gbé e padà. Okùn kànga wa ló já."

Ọ̀gá náà rojú. "Màmá, ẹ̀bùn ni o. Ṣé ẹ̀bùn lẹ ń kọ̀?"

"Mo mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Ẹ̀bùn tí ò bá ṣiṣẹ́, àyè ló ń jẹ."

Wọ́n gbé e padà. Okùn náà kò dé. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìyókù aṣọ aró lọ́ okùn tuntun, ó sì lò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ó ṣe ń bá èmi wí ló ń dẹ́rù bà mí jù. Kì í nà mí. Ìbá nà mí, ìbá tán síbẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo bu omi mímu kún ife, mo mu díẹ̀, mo da ìyókù sílẹ̀. Ìyá rí mi. Ó gbé ife tirẹ̀, èyí tó ti bù fún ọjọ́ náà, ó dà á sínú tèmi, ó ní kí n mu ún. Látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò fi omi kan ètè. Mò ń wo ètè náà bó ṣe ń gbẹ, tó ń là. Mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́, mo bu tèmi fún un. Ó ní, "Tìrẹ ni. Tèmi ló ṣòfò." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe. Ohun tí mo bá bàjẹ́, lójú mi ló ti máa ń jìyà rẹ̀.

Nísinsìnyí kí n sọ èyí tó le.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo ti parí ní yunifásítì, mò ń retí kí wọ́n pè mí fún àgùnbánirọ̀, mo wá ń gbé lọ́dọ̀ ìyá. Lọ́jọ́ náà ó fẹ́ lọ sí Ṣàpọ́n l'Abẹ́òkúta lọ tọrọ ìwé tí kò tà lọ́wọ́ òǹtàwé kan tó mọ̀. Kó tó gun ọ̀kadà, ó tọ́ka sí dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta tó wà lábẹ́ àtíbàbà. Ọ̀kan fún omi mímu, ọ̀kan fún omi ọwọ́, ọ̀kan fún omi aró, ìyẹn omi tí a ti po sóódà mọ́, tí a fi sílẹ̀ kó tòrò kí a tó da ẹ̀lú sí i. Omi aró tòrò bí omi mímu ni, ṣùgbọ́n ó lè bó awọ lára ènìyàn.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, bá mi kọ orúkọ sí wọn lára. Ọ̀dà inú agolo yẹn ti ń tán o, ṣọ́ ọ lò."

Mo ṣọ́ ọ lò. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, mo gbọ́ràn. Ọ̀dà náà kò ju ìsàlẹ̀ agolo lọ, oòrùn sì mú. Mo kọ OMI MIMU, mo kọ OMI OWO, mo kọ OMI ARO, mo fi burọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kò sí àmì lókè, kò sí lábẹ́. Lórí fóònù mi, ta ló ń fi àmì sí nǹkan? Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kiri ìlú, E KARO ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ẹ káàárọ̀ ni. Mo tilẹ̀ rò pé ìyá yóò yìn mí pé ọ̀dà ṣẹ́kù.

Ìyá Ràmọ́tù ló kọ́kọ́ dé kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Òun yìí kan náà tó pariwo òùngbẹ lọ́jọ́sí, òun ló wá mọ̀wé jù nínú wọn. Ó máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ sókè ní gareèjì Owódé títí àwọn awakọ̀ á fi ní kó jọ̀ọ́. Ọjà ló ti ń bọ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Mo wà nínú ilé, mò ń tẹ fóònù. Mi ò gbọ́ igbe. Ife ni mo gbọ́ tó jábọ́.

Nígbà tí mo jáde, ó ti wà lórí eékún, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀fun mú, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò wo èmi. Dúrọ́ọ̀mù náà ló ń wò, àkọlé ara rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló sáré wọlé, àwọn ló gbé e lórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Mo ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí eruku ọ̀kadà náà rọlẹ̀ tán. Mo mọ ohun tí mo ti ṣe. Dúrọ́ọ̀mù omi mímu ti gbẹ, èmi ni mi ò pọn ọ́n kún. Ìyá Ràmọ́tù wò ó pé ó gbẹ, ó wá èyí tó tún ṣeé mu, ó sì rí "omi àárọ̀".

Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò kú. Ṣùgbọ́n fún oṣù méjì kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá Tíṣà ń lọ bá a lọ́sibítù lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan ó mú páálí kan bọ̀ tí Ìyá Ràmọ́tù kọ̀wé sí, ó gbé e síwájú mi. Ìyá Ràmọ́tù kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ka OWO, òun mọ̀ pé omi ọwọ́ ni, òun sì ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ kì í fi àmì sí i. Nítorí náà nígbà tí òun dé ARO, òun fi orí ara òun bá a wá àmì. Gbogbo àmì tó wà nínú lẹ́tà náà ló pé. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni, "Mo kà á dáadáa."

Wọ́n pe ìpàdé síwájú ilé Baálẹ̀. Gbogbo abúlé ló wá. Ràmọ́tù, àkọ́bí ìyá náà, dìde. "Mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́. Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ kàn sọ ẹni tó kọ ọ́ fún mi."

Mo la ẹnu. Mo búra pé mo la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde níbẹ̀.

Ìyá àgbà mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀?" Ràmọ́tù ń wò ó. "Ìyá Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pa odindi ìwé rẹ́ torí àmì kan?"

"Èmi ni mo ni ilé ẹ̀kọ́. Èmi ni mo kọ ọ́. Mò ń ṣọ́ ọ̀dà lò."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn dùn ún ju èébú gbogbo tí wọ́n bú u lọ. Obìnrin tó lè jẹ ẹ̀bà láìsí ẹran fún ọ̀sẹ̀ kan, tó lè wọ aṣọ kan fún ọdún márùn-ún, ohun kan ṣoṣo tó ní tó fi ń yangàn ni pé àmì kò bọ́ lọ́wọ́ òun rí. Ó bọ́ ọ sílẹ̀ níwájú gbogbo abúlé, ó fi bò mí. Baálẹ̀ ní kí wọ́n dáwọ́ aró rírẹ dúró, kí kíláàsì máa lọ fún ẹni tó bá ṣì fẹ́. Ìdajì wọn kò padà wá. Ìyá Ràmọ́tù kò kí ìyá àgbà mi mọ́ títí ìyá fi kú.

Nígbà tí a délé, mo dúró dè é kó sọ̀rọ̀. Ó kọjá lára mi, ó lọ sábẹ́ àtíbàbà, ó da ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù náà nù, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó da omi nù. Lẹ́yìn náà ó yí i padà, ó kọjú àkọlé rẹ̀ sí ògiri. Mo sáré gbé burọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Rárá, kì í ṣe báyìí. Lọ́jọ́ tó o bá ti sọ fún un. Ẹni tó kọ ọ́ ni yóò tún un kọ." Kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láyé.

Ọdún mẹ́rin ni dúrọ́ọ̀mù yẹn fi kọjú sí ògiri. Mo lọ ṣe àgùnbánirọ̀, mo ríṣẹ́, mò ń wálé lọ́dún Kérésì àti Àjíǹde, mò ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lára ajá tó ń ṣe bí ẹni sùn. Ìyá á kí mi, á fún mi lóúnjẹ, á sì wo dúrọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọdé ń pè é ní Ìyá Aláìlámì lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń gbọ́, kò wẹ̀yìn. Ojo ni mí, mi ò ní purọ́.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó la ojú láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Mo sáré lọ sídìí kànga. Mo ju òkúta sí i, mo dẹtí, ó pẹ́ kó tó dún. Mo sáré padà. "Ó ṣì wà níbẹ̀, mà. Omi wà."

Ó mi orí. "Kì í ṣe omi," ó ní, ó sì yíjú sí ìhà àtíbàbà. Ọjọ́ kejì ló lọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn obìnrin kíláàsì wá bá mi. Wọ́n ní kànga ti ń lọ sílẹ̀, ìlà omi ti ń gùn, ìjà sì ti bẹ̀rẹ̀, ṣé mo lè dúró kọ́ wọn títí òjò á fi dé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Kí ni mo fẹ́ rò? Bí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n lè lé mi, kí ilé ẹ̀kọ́ náà sì parẹ́. Bí mi ò bá sọ ọ́, ìyá àgbà mi yóò jẹ́ Aláìlámì títí ayé, nínú ibojì rẹ̀.

Mo lọ sí ilé Ìyá Ràmọ́tù lọ́sàn-án. Ó ń jọ gààrí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Àbẹ̀kẹ́. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Ìyá."

Ohùn rẹ̀ há, ó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ohùn náà kò lè gòkè mọ́. Dò nìkan ló kù nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ re, kò sí mí. Bí ó bá ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé nǹkan wá, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó mọ ohun tó ń wí.

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni mo kọ ọ́, mà."

"Kí lo kọ?"

"Omi aró. Èmi ni mo kọ ọ́ láìfi àmì sí i. Ìyá àgbà ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn. Ṣàpọ́n ni wọ́n lọ."

Ajọ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí pẹ́, mo rò pé yóò fi ajọ̀ náà là mí lórí. Ó sàn kó fi là mí lórí. Ó wá ní, "Ọdún mẹ́rin ni mi ò fi kí i."

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀. Ò ń wò wá." Ó gbé ajọ̀ sílẹ̀. "Kí ló dí ẹ lọ́wọ́ látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀rù ni, mà."

"Ta ni kì í bà?" Ó dìde, ó gbọn gààrí kúrò lára ìró rẹ̀, ó fa gèlè rẹ̀ lórí okùn. "Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o. Jẹ́ ká lọ."

Kò tẹ àgbàlá wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde níbẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ kó tó wọlé. Mo yí dúrọ́ọ̀mù náà padà. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ lára, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀: OMI ARO. Mo ti ra agolo ọ̀dà tuntun kalẹ̀, èyí tó tóbi jù, bí ẹni tó fẹ́ kun ilé.

Ìyá Ràmọ́tù tẹjú mọ́ àkọlé náà. "Mélòó lo yọ níbẹ̀?"

"Mélòó kí ni, mà?"

"Àmì. Mélòó ni kò sí níbẹ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀?"

Mo wò ó dáadáa. "Ẹyọ kan, mà."

"Ẹyọ kan?"

"Lórí 'o' tó kẹ́yìn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni."

Ó gba burọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó tì í bọ ọ̀dà, ó nu ún mọ́ etí agolo kó má baà ṣòfò, bí ìyá àgbà mi ṣe kọ́ ọ. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọ̀dà tó lò kò tó ohun tó lè kun èékánná. Ó sún sẹ́yìn, ó la ẹnu láti kà á. "Omi arò," ó ní. Ó tún un gbìyànjú. Ohùn náà kò dé ibẹ̀.

Ó fi ìka tọ́ka sí àmì náà láìfọwọ́ kàn án, torí kò tíì gbẹ. "Ìwọ kà á."

"Omi aró," ni mo kà.

"Kà á sókè," ó ní, ó sì wo ìhà ọgbà ata. "Kí ẹni tó wà lẹ́yìn ilé gbọ́."